Ta Ni Ọ̀gá Ń Bá Wí?

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi obìnrin náà ṣe olórí ẹ̀ka ìlọṣọ, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgbálẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó gbá ilẹ̀ ẹ̀ka náà. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Nínú àwọn méjì tó lè rán níṣẹ́, ọ̀kan dàgbà jù ú lọ, èkejì sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá tuntun ṣe ń gbálẹ̀ nìyẹn, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti relé. Wọ́n sì kí i kú iṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó lọ.

Ilé ìfọṣọ ni ibi iṣẹ́ náà, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ o. Ṣíìtì ilé ìwòsàn àti tówẹ̀lì òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ní í kó wọn wá ní ìdọ̀tí, ọkọ̀ ní í kó wọn padà ní mímọ́. Àwọn afọṣọ wà lápá kan láàárín omi àti ọṣẹ, àwọn alọṣọ wà lápá kejì láàárín ooru. Ẹ̀rọ ńlá kan ló wà lọ́dọ̀ àwọn alọṣọ, ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì méjì, irin róbótó méjì sì ń yí mọ́ra wọn nínú rẹ̀, wọ́n gbóná janjan. Ẹnì kan á dúró níwájú, á máa fi ṣíìtì tútù bọ àárín irin. Ẹnì kejì á dúró lẹ́yìn, á máa gba èyí tó ti gbẹ, á sì máa ká a. Nílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀: tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á yí, tún un tẹ̀, á dúró. Ṣùgbọ́n súwíìṣì tó ń já iná kúrò lára rẹ̀ pátápátá wà lára ògiri lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Òfin ẹ̀rọ náà ò ju ẹyọ kan lọ: kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pa súwíìṣì ara ògiri. Irin ilẹ̀ yẹn nìkan ò tó, nítorí ẹsẹ̀ lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Màmá Ṣíìtì ló ń dúró níwájú. Orúkọ tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ń pè é nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ tí kò bá a níbẹ̀. Òun ló kọ́ obìnrin yìí níṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nígbà tí kò tíì mọ ìbú ṣíìtì yàtọ̀ sí òró rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ló ń dúró lẹ́yìn, ọ̀rẹ́ obìnrin náà, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń borí ariwo ẹ̀rọ. Láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n fi ṣe olórí. Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ni ilé-iṣẹ́, nítorí náà Ẹlẹ́rìn-ín sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀gá Kékeré lọ́jọ́ náà gan-an. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀gá Kékeré ti rò pé ipò náà á dùn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí Ẹlẹ́rìn-ín bá pẹ́ dé tó sì bá a sọ ọ́, ìyẹn á bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ yìí! Ṣé èmi náà lò ń ṣọ̀gá fún?" Ọ̀rọ̀ náà á sì tán síbẹ̀. Bí Màmá Ṣíìtì bá ń fi ìbú bọ ṣíìtì nígbà tó yẹ kó fi òró bọ̀ ọ́, Ọ̀gá Kékeré á lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, á la ẹnu, á pa á dé, á tún un là.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu..."

"Kò yọ mí lẹ́nu, ọmọ mi. Mo ti gbọ́ ohun tó o fẹ́ sọ."

Màmá á sì máa bọ̀ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ ọ́. Bí gbogbo wọn bá ti lọ, Ọ̀gá Kékeré á tú àwọn ṣíìtì tó hunjọ, á tún wọn lọ fúnra rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Irọ́ ni. Ojo ni. Ìwà pẹ̀lẹ́ máa ń sọ òótọ́ fún èèyàn ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ojo kì í sọ ọ́ rárá.

Ọ̀gá Àgbà pè é sínú ọ́fíìsì. Ọkùnrin tó máa ń fi bírò lu tábìlì bó bá ń sọ̀rọ̀ ni, kò sì fẹ́ràn àlàyé gígùn.

"Ìwọ kì í ṣe ọ̀gá rárá, oníbẹ̀bẹ̀ ni ẹ́," ó wí. "Tó o bá fẹ́ kí nǹkan di ṣíṣe, mú ẹnì kan. Pe orúkọ ẹ̀. Wò ó lójú. Iṣẹ́ tó o bá jù sáàárín èrò, ilẹ̀ ló máa bọ́ sí."

"Mo gbọ́, sà."

"Ìyá yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà ẹ́ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀rù, sà. Wọ́n jù mí lọ ni."

"Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó ju ẹnì kan lọ," Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì ní kó máa lọ.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe nídìí fèrèsé, dígí kékeré tí ń mú nǹkan tóbi wà lójú rẹ̀ kan. Ó ní kí ọkọ òun ṣe bí ẹni pé òun ni Màmá Ṣíìtì. Ọkọ tẹ ẹ̀yìn bí arúgbó, ó di ìbàdí mú. Ọ̀gá Kékeré mí kanlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́..." Ọkọ ní rárá, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ lè..." Ọkọ ní ìyẹn ìbéèrè ni, kì í ṣe àṣẹ. Nígbà tó yá, ó ní òun á kúkú fi "o" pe ìyá náà kí òun wò ó. Ó gbìyànjú ẹ̀, ètè rẹ̀ sì kọ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó bú òbí ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín tí wọ́n rín kẹ́yìn nínú ilé náà fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

"Ta ló ní kó o fi 'o' pè wọ́n?" ọkọ wí nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. "Ṣebí wọ́n lórúkọ. 'Màmá, ẹ ṣe tibí. Ẹlẹ́rìn-ín, ṣe tọ̀hún.' Kí ló wá le níbẹ̀?"

Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, òun á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gbọ́ nǹkan nílé, ká sì ṣe é láàárín ariwo ẹ̀rọ, ọ̀nà wọn jìn síra.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ń dúró de ṣíìtì, Ọ̀gá Àgbà sì ń pè lórí fóònù ṣáá pé ọkọ̀ dà. Omi ti ń jò láti ọ̀dọ̀ àwọn afọṣọ, ilẹ̀ tutù. Ìgbà náà ni ṣíìtì kan wé mọ́ ọ̀kan nínú àwọn irin, ó ń ká mọ́ ọn lọ. Màmá Ṣíìtì fẹsẹ̀ tẹ irin ilẹ̀, ẹ̀rọ náà dúró. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, Ẹlẹ́rìn-ín gbé ṣíìtì gbígbẹ kún ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gá Kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù létí. Ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fọwọ́ bo fóònù, ó pariwo sínú yàrá:

"Ẹ bá mi pa súwíìṣì yẹn ná o, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án!"

Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó yíjú padà, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra."

Èdè wa dùn, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti máa ń di èèyàn lójú. "Ẹ" tó jáde lẹ́nu Ọ̀gá Kékeré yẹn, àgbàlagbà kan ṣoṣo lè dáhùn sí i, ogún èèyàn náà lè dáhùn sí i. Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ "ẹ", ó ní Màmá ni, nítorí láti ìgbà tí òun àti ọ̀rẹ́ òun ti mọra, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn. Màmá Ṣíìtì náà gbọ́ "ẹ", ó ní àwọn méjèèjì ni. Bí wọ́n bá sì rán àgbà àti ọmọdé níṣẹ́ pọ̀, ta ni yóò dìde ṣe é? Ìdí súwíìṣì náà sì ni Ẹlẹ́rìn-ín wà. Màmá dúró díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fún ọmọ láyè kó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn, ó sì bọ́ sórí irin ilẹ̀, ni ẹ̀rọ bá yí.

N kò ní ròyìn ohun tí irin gbígbóná ń fi ọwọ́ èèyàn ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín ló fò mọ́ ògiri tó pa súwíìṣì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti bá ohun tó bá. Igbe Màmá ò pẹ́. Òórùn ló pẹ́ nínú yàrá náà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e lọ, kò sì sí fèrèsé tí wọ́n ṣí tó lè lé e jáde.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà dúró sẹ́yìn ilé, nídìí àwọn apẹ̀rẹ̀ aṣọ ẹlẹ́gbin. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ta lo ní kó pa súwíìṣì?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni."

"Èmi? Ìgbà wo lo ti ń pè mí ní 'ẹ'? Màmá ni mo rò pé ò ń bá wí."

"Súwíìṣì ṣáà wà lọ́dọ̀ ẹ."

"Orúkọ mi náà wà lẹ́nu ẹ," Ẹlẹ́rìn-ín wí. "O ò ṣe pè é?"

Ọ̀gá Kékeré yíjú sí àwọn apẹ̀rẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì sì mọ ohun tó kàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-iṣẹ́ náà, ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é títí ara rẹ̀ á fi yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara pa nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀gá lẹ́nu, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ò mọ̀ ọ́n rí mọ́. Nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Àgbà máa bi èèyàn, orí ìdáhùn rẹ̀ sì ni ìyókù ayé Màmá Ṣíìtì dúró lé.

Ó bi í lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ṣé o sọ pé kí wọ́n pa súwíìṣì?"

"Mo sọ fún wọn, sà."

"Wọ́n gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́, sà."

"Wọn ò sì pa á."

"Wọn ò pa á, sà."

Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré kọ́kọ́ sọ ọ́, èèyàn méjì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti rí i lójú ọkùnrin náà pé ẹnì kan ló ń gbọ́. "Wọn" tí obìnrin náà máa ń pe Màmá lójoojúmọ́ nínú ọ́fíìsì yìí kan náà ni Ọ̀gá Àgbà ń gbọ́. Ojú rẹ̀ tú ká bíi ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Olóríkunkun ni ìyá yẹn. Ó pẹ́ tó ti ń ṣe é." Gbólóhùn kan péré ló kù kí Ọ̀gá Kékeré sọ: àwọn méjì ni mò ń wí, sà. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ẹyin lohùn lóòótọ́, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn fi pamọ́ sẹ́nu náà lè fọ́ síbẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó jáde.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀. "Mo sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé mo ti sọ fún wọn," ó wí.

Ọkọ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ni wọ́n?"

Ohun tí Ọ̀gá Àgbà ò bi í nìyẹn, ọkọ rẹ̀ tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà ló bi í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ti "ẹ" àti ti "wọn", ti súwíìṣì àti ti fóònù. Ọkọ gbọ́ ọ tán.

"Lọ tún un sọ láàárọ̀," ó wí. "Má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ wo àwọn aago tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Wọn ò pọ̀. Ta ló tún ń gbé aago wá tún ṣe, nígbà tí gbogbo ayé ń wo àkókò lórí fóònù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ àná yẹn. Àwọn méjèèjì ni mo sọ fún, kì í ṣe Màmá nìkan."

Bírò Ọ̀gá Àgbà dúró lórí tábìlì. "Ta lo pè lórúkọ?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni, sà."

"Ta lo wò lójú?"

Ọ̀gá Kékeré mi orí pé kò sí.

"A jẹ́ pé o ò sọ fún ẹnikẹ́ni," Ọ̀gá Àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ò le. Ì bá sàn kó le. "Mo jókòó síbí, mo kọ́ ẹ ní ohun tó o máa ṣe. Tó bá rí bó o ṣe wí i yìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn ìyá yẹn nìyẹn, ọrùn tìẹ ló bọ́ sí. Ṣé ohun tó o wá sọ fún mi nìyẹn? Àbí Màmá lo sọ fún?"

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀gá Kékeré wo ilẹ̀. Ó rò ó pé ìyá náà ti dàgbà, pé ó ṣe tán kò ní pẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nàkọnà. Ó rò ó pé àwọn ọmọ òun ṣì kéré. Gbogbo ohun tí èèyàn máa ń rò nígbà tó bá ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe ló rò.

"Màmá ni mo sọ fún, sà."

"O wò ó lójú?"

"Mo wò wọ́n lójú, sà."

"Ó dáa," Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì tún mú bírò rẹ̀. "O ti ń di ọ̀gá díẹ̀díẹ̀."

Òótọ́ tún ni. Láti ọjọ́ náà lẹ́nu rẹ̀ ti là. Ó ń pe èèyàn lórúkọ, ó ń wò wọ́n lójú, ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń ṣe é. Obìnrin mìíràn ti wà níwájú ẹ̀rọ, ó ń fi òró bọ ṣíìtì bí ilé ìwòsàn ṣe fẹ́ ẹ. Kò sí ṣíìtì tó ń hunjọ mọ́, ọkọ̀ ò pẹ́ mọ́, Ọ̀gá Kékeré ò sì gbálẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín máa ń dé lásìkò. Tó bá bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá," á sì yíjú sí ṣíìtì rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́ kó tó lọ kí Màmá Ṣíìtì. Ó ń sọ pé lọ́la ni, lọ́la ni, títí tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Yàrá kan ni ìyá náà ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, kọ́tìnì ló pín in sí méjì. Ọmọ náà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà, ìró rẹ̀ ń ta sínú àwo. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀, kò sì ní ìrísí ọwọ́ mọ́.

"Ẹ káàbọ̀," Màmá wí.

Ọ̀gá Kékeré bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó tún ń bọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Òun ni.

"Màmá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó."

Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó béèrè ọwọ́, Màmá ní ọwọ́ wà ńbẹ̀. Ó béèrè ilé, Màmá ní ilé wà ńbẹ̀. Ẹ̀wà ń ta sínú àwo lẹ́yìn kọ́tìnì. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà gbé ojú sókè, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀, Ọ̀gá Kékeré ì bá sì fẹ́ ìbínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín," Màmá wí. "Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé mo kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó, mi ò lè sùn. Mo gbọ́ ohùn yín. Mo rò pé àwa méjèèjì lẹ sọ fún, mo ní ọmọ yẹn á dìde. Bóyá etí àgbà ni. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má tàn mí, ta lẹ̀ ń bá wí?"

Ìró ẹ̀wà dákẹ́. Ọmọ náà ń gbọ́. Bí òótọ́ bá jáde nínú yàrá yìí, yóò dé ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá Kékeré wo ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó wò ó lójú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ni mà," ó wí.

Màmá Ṣíìtì mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti ń wá nǹkan tipẹ́ tó wá rí i nínú àpò ara rẹ̀.

"A jẹ́ pé ẹ̀bi mi ni," ó wí. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

Ó sì ní kí ọmọ òun wá sin wọ́n jáde.